Hakeem àbí Arike: nínú ọdún kọ́lẹ́ẹ̀jì nìkan, ta lẹ máa mú?

Àǹtí Sáwọ̀n:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tèmi. Àríyànjiyàn kan ń bẹ láàárín èmi àti àbúrò mi ọkùnrin, ó sì ti fẹ́ di ìjà. Ó ní nínú gbogbo ọmọ Yorùbá tó ti gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní yunifásítì Amẹ́ríkà, kò sí ẹni tó tó Hakeem Olajuwon, kí n yáa panu mọ́. Èmi ní irọ́ ni. Èmi ní Arike Ogunbowale.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín kí ẹ má baà bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Mi ò sọ̀rọ̀ NBA o, ìyẹn líìgì àwọn ọkùnrin tó ń gbá a gbowó ní Amẹ́ríkà. Mo mọ̀ pé Hakeem gba ife méjì léraléra ní 1994 àti 1995. A ti gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọdún kọ́lẹ́ẹ̀jì nìkan la ń sọ: Hakeem ní University of Houston, 1981 sí 1984, Arike ní Notre Dame, 2015 sí 2019.

Tèmi ò le. Hakeem dé Final Four, ìyẹn ìpele tó ku ikọ̀ mẹ́rin nínú ìdíje, lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé ife kankan wálé. Arike gbé e ní 2018, bọ́ọ̀lù tó sì fi gbé e, kò sí ẹni tó wò ó tí kò fò dìde. Kí la tún ń wí? Àbúrò mi wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé Arike tó pàdánù free throw ní 2019 náà ni?" Free throw ni ìjù ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n bá fàwù. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ọmọ tó ju pọ́ìntì 31 lọ́jọ́ yẹn!

Ẹ bá wa dá sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì wo ìkankan nínú eré wọ̀nyí rí, ẹ jọ̀ọ́, kó kàn máa ka tiwa.

Kò-sí-Fáwù:

Àǹtí, ẹ má bínú, àbúrò yín ló jàre. Ní 1983 tí Houston fìdí rẹmi nínú àṣekágbá, Hakeem náà ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn ẹni tó peregedé jù lọ ní Final Four. Ẹni tí wọ́n na ikọ̀ rẹ̀ ni mò ń wí o! Pọ́ìntì 20 àti ribáùǹdì (bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù tí kò wọlé, tó gbà mú) 18 ló ní nínú àṣekágbá yẹn. Nínú eré tó ṣáájú rẹ̀, tí wọ́n bá Louisville gbá, ó ní pọ́ìntì 21, ribáùǹdì 22, ó sì gbá bọ́ọ̀lù 8 dànù lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ jù ú sáwọ̀n. Ṣé ẹ̀dá èèyàn nìyẹn?

Àǹtí Sáwọ̀n:

Ẹ̀bùn ìtùnú nìyẹn. Ife dà?

Ará Hofheinz:

Ẹ jẹ́ kí àgbà sọ díẹ̀. Houston ni mo ti kàwé nígbà tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀, alẹ́ tí mo sì lò nínú Hofheinz Pavilion, gbọ̀ngàn ìṣeré wa, kò kéré. Hakeem tí ẹ̀yin ń wò lórí YouTube, òun kọ́ ni a kọ́kọ́ rí. Akeem ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Ọmọ gíga tínínrín kan ni, tí kò tíì pẹ́ tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní básíkẹ́tì. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló ń gbá ní Èkó, òun ló ń ṣọ́ ojúlé. Ó tún ń gbá handball. Ó ti tó nǹkan bí ọmọ ọdún 15 kí básíkẹ́tì tó bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó dé Houston ní 1980, kò sì gbá eré kankan ní ọdún àkọ́kọ́, ó kàn ń gbára dì ni. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ ní sáà 1981 sí 1982, nǹkan bíi pọ́ìntì 8 ló ń jù lójúmọ́ eré. Á sáré lọ, á sáré bọ̀, èémí ò ní délẹ̀ mọ́, Guy Lewis á pè é jáde. Guy Lewis ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wa, bàbá tí ẹ kò lè rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá láìsí táwẹ́ẹ̀lì alámì tótòtó pupa àti funfun lọ́wọ́ rẹ̀. Bí eré bá ṣe ń le sí i ni yóò máa fún táwẹ́ẹ̀lì náà mọ́wọ́ sí i.

Inú gbọ̀ngàn ìṣeré kan tí wọ́n ń pè ní Fonde ni nǹkan ti yí padà fún un, nígbà ooru tí ilé ìwé ti wọ ìsinmi. Moses Malone, tó ti gba ẹ̀bùn MVP (agbábọ́ọ̀lù tó peregedé jù lọ) nínú NBA, tó sì ń gbá fún Rockets, ikọ̀ NBA ti Houston, nígbà náà, ibẹ̀ ló máa ń wá na ara. Eré ibẹ̀ kì í ṣe eré rẹfirí. Moses á fi ìdí sún ọmọ yẹn kúrò lábẹ́ àwọ̀n bí ẹni ń sún àga, á gba ribáùǹdì, á jù ú padà sínú. Ọmọ náà á tún padà wá. Moses á tún sún un. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìbàdí múlẹ̀. Ibẹ̀ náà ló ti rí i pé òun kò lè fi agbára mú ọkùnrin yìí láéláé, àfi kí òun tètè yí ẹsẹ̀, kó tó mọ ibi tí òun gbà. Gbogbo yíyí ẹsẹ̀ tí ẹ ń pariwo lé lórí ní NBA, ẹ wo orísun rẹ̀ níbẹ̀. Bó ṣe padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ti di ẹlòmíì. Pẹ̀lú Clyde Drexler, Larry Micheaux àti Michael Young, wọ́n ń fò, wọ́n ń rọ bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n lókè, débi tí akọ̀ròyìn Houston Post kan fi sọ wọ́n ní Phi Slama Jama.

Ó wá kan 1983 tí Àǹtí fi ń bú wa. Albuquerque ni wọ́n ti gbá a. North Carolina State ni wọ́n bá gbá, ikọ̀ tó ti pàdánù eré mẹ́wàá ní sáà yẹn. Houston ń fi 52 sí 46 ṣíwájú, ni bàbá Lewis bá ní kí wọ́n rọra ṣe, kí wọ́n máa jẹ àkókò. Títí di òní, inú mi ò dùn sí i. Ikọ̀ tó jẹ́ pé eré sísá ni ẹ̀mí rẹ̀, ẹ ní kó máa rìn! NC State náà wá mọ ohun tí wọ́n máa ṣe: wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ fàwù wọn, kí wọ́n lọ ju free throw. Àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n fò, wọn ò mọ̀ ọ́n jù. 10 péré ló wọlé nínú free throw 19. Nígbà tí aago fẹ́ pé, Dereck Whittenburg ti NC State sọ bọ́ọ̀lù kan láti ọ̀nà jíjìn réré, kò tilẹ̀ kan irin. Hakeem dúró níwájú. Lorenzo Charles tiwọn wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbá bọ́ọ̀lù náà mú lófuurufú, ó rọ ọ́ sínú. 54 sí 52. Ó parí.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Drexler ti lọ sí NBA, gbogbo ẹrù bọ́ sórí Hakeem. Òun ló ṣíwájú gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà ní ribáùǹdì, 13.5 lójúmọ́ eré. Òun ló ṣíwájú nínú gbígbá bọ́ọ̀lù dànù, 5.6. Nínú ọgọ́rùn-ún bọ́ọ̀lù tó bá jù, 67.5 ń wọlé, òun ló tún ṣíwájú níbẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní sáà kan ṣoṣo! Wọ́n tún dé àṣekágbá, Georgetown ti Patrick Ewing nà wọ́n ní 84 sí 75. Àǹtí, pé kò gba ife, mo gbà. Ṣùgbọ́n láti orí ẹni tí èémí ò tó fún dé orí ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n pè ní dráfìtì 1984 (ibi tí àwọn ikọ̀ NBA ti ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun), nígbà tí Michael Jordan ṣe ìkẹta, sáà mẹ́ta péré ló gbà á. Ẹ bá mi wá ẹlòmíì.

Àǹtí Sáwọ̀n:

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Kò sẹ́ni tó sọ ti Fonde yẹn fún mi rí.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó o: 10 nínú 19. Free throw ló pa Houston! Àbúrò mi wá ń la ẹnu lórí ẹyọ kan tí Arike pàdánù.

Òru-ò-molówó:

Ẹ fún mi láyè, nítorí àti Àǹtí tó ń gbè é, àti àbúrò tó ń bú u, bọ́ọ̀lù méjì ni gbogbo yín ń sọ. Ọdún mẹ́rin ni ọmọ yẹn lò ní South Bend, níbi tí Notre Dame wà. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe, mo sì ti wo eré Notre Dame látòkèdélẹ̀ ju bó ṣe yẹ kí ọlọ́gbọ́n èèyàn wò ó lọ.

Ní ọdún kìíní, orí ìjókòó ló ti ń bọ́ sínú pápá. Lọ́dún yẹn Stanford lé wọn dànù nígbà tó ku ikọ̀ 16. Ọdún kejì ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí. March 2017, eré tí ẹni tó bá borí yóò lọ sí Final Four. Stanford náà tún ni. 76 sí 75, Stanford ló ṣíwájú, aago ń lọ, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ Arike. Ó kọ lu àwọ̀n, ó jù ú. Erica McCall gbá a dànù. Ilé tú. Ẹ wá fídíò yẹn, ẹ ó rí i pé kò gùn, nítorí kò sẹ́ni tó ń pín in kiri.

Sáà tó tẹ̀ lé e ni gbogbo ayé mọ̀, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Èèyàn mẹ́rin nínú ikọ̀ náà ni iṣan orúnkún wọn já, Brianna Turner tó ń gbá abẹ́ àwọ̀n wà lára wọn. Muffet McGraw, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ lórí ìjókòó, kò rí ẹni tí yóò rán wọlé. Ní January 2018, Louisville nà wọ́n ní 100 sí 67. Mo pa tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ yẹn, mo ní ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n lọ sí Columbus, Ohio. UConn (yunifásítì Connecticut) tí ẹnikẹ́ni ò tíì nà ní gbogbo sáà ni wọ́n kọ́kọ́ bá pàdé. Jackie Young ló gbé eré yẹn o, pọ́ìntì 32, ẹ má jẹ́ kí bọ́ọ̀lù ìparí mú yín gbàgbé rẹ̀. Eré wọ àfikún àkókò. Arike jù ú nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá kan, 91 sí 89. Kobe Bryant jókòó níbẹ̀, ó ń wò ó.

Àṣekágbá, April 1, ọjọ́ Àjíǹde. Ní ìdá kejì nínú ìdá mẹ́rin eré, pọ́ìntì 3 péré ni Notre Dame rí jù. Mẹ́ta! Mississippi State ń fi 30 sí 17 ṣíwájú nígbà tí wọ́n lọ sinmi, àlàfo náà sì tó 15 nígbà kan. Wọ́n ń fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di 58 sí 58. Ìṣẹ́jú àáyá 3 ló kù. Jackie Young dúró lẹ́yìn ìlà, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Jessica Shepard, tó wà lábẹ́ àwọ̀n, ni wọ́n fẹ́ kó gbà á. Ọ̀nà dí. Arike sáré wá gbà á lápá ọ̀tún, ó lù ú mọ́lẹ̀, ó fò, ara rẹ̀ ti ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tún un wò kó ṣe díẹ̀díẹ̀. Kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá tí yóò fi irú ìjù bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ. Ó wọlé nígbà tó ku 0.1. 61 sí 58. Ife àkọ́kọ́ tí Notre Dame gbà láti 2001, tí àṣekágbá tiwọn náà bọ́ sí April 1.

2019 wá dé, ní Tampa. Baylor ti fi wọ́n sílẹ̀ jìnnà, wọ́n tún lé e bá. Chloe Jackson jù ú wọlé fún Baylor, ó di 82 sí 80. Ta ló gba bọ́ọ̀lù? Arike. Wọ́n fàwù rẹ̀, ó ku ìṣẹ́jú àáyá 1.9, free throw méjì. Àkọ́kọ́ tó fẹ́ kó wọlé, kò wọlé. Ìkejì, ó ti mọ̀ pé ó yẹ kó kọ irin kí àwọn lè jà fún ribáùǹdì, nítorí náà ó fẹ́ kó ta dànù. Ìyẹn ló wá wọlé! 82 sí 81.

Ẹ bá mi kà á. 2017, 2018, 2019: nígbà tí ọdún kù sí bọ́ọ̀lù kan, ọwọ́ kan náà ni bọ́ọ̀lù ń bọ́ sí. Wọ́n gbá a dànù lójú gbogbo ayé, lọ́dún kejì ó tún sáré lọ gbà á, bẹ́ẹ̀ sì ni McGraw kò wá ẹlòmíì. Ohun tí mò ń gbóríyìn fún nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ fi 2018 nìkan yìn ín, tàbí tó fẹ́ fi 2019 nìkan bú u, kò tíì wo eré.

Ó tún ku pọ́ìntì. 2,626 ló jù kó tó kúrò. Skylar Diggins tó wà lókè tẹ́lẹ̀ láàárín àwọn obìnrin ibẹ̀ ní 2,357. Ó ré kọjá Austin Carr náà tó ṣíwájú láàárín àwọn ọkùnrin, 2,560. Kí n má puró, sáà mẹ́ta ni Carr gbá, nítorí òfin ìgbà yẹn kò gba ọmọ ọdún kìíní láyè, kò sì sí bọ́ọ̀lù alápọ́ìntì mẹ́ta nígbà náà. Ẹ jẹ́ kí a fún bàbá yẹn ní tiẹ̀.

Kò-sí-Fáwù:

Ó dáa, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin àti sáà mẹ́ta kì í ṣe ọgbọọgba. Kí ló dé tí Arike fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ọkùnrin tó bá ṣe ohun tó ṣe ní 2018, ọjọ́ kejì ló máa kó ẹrù rẹ̀ lọ sí NBA.

Òru-ò-molówó:

Òfin WNBA, líìgì àwọn obìnrin tó ń gbá a gbowó, ni. Ọmọ Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ pé ọmọ ọdún 22 lọ́dún dráfìtì, tàbí kó ti gboyè jáde. NBA ní tiwọn, láti 2006, ẹni ọdún 19 tó ti lo ọdún kan lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ gírámà lè wọlé. Ìdí nìyẹn tí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn obìnrin fi dùn ún wò: ẹ ó mọ ọmọ náà, ẹ ó rí i bó ṣe ń gbó sí i. Ní 2019, Dallas Wings pe Arike ṣìkarùn-ún. Àwọn márààrún tó máa ń bẹ̀rẹ̀ eré fún Notre Dame ni wọ́n pè lọ́jọ́ yẹn, Jackie Young ló sì ṣe ìkíní.

Ẹ̀yìn-Owó:

Ẹ̀yin ń jà lórí ife, èmi ń ronú owó. Àwọn méjèèjì kò rí kọ́bọ̀ gbà lórí bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì, àfi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, oúnjẹ àti ibùgbé. July 1, 2021 ni NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá kọ́lẹ́ẹ̀jì, tó gbà kí ọmọ ilé ìwé fi orúkọ ara rẹ̀ polówó ọjà. Arike ti lọ lọ́dún méjì ṣáájú. Ẹ fojú inú wo iye tí ilé iṣẹ́ bàtà ì bá fún un ní ọjọ́ kejì ọjọ́ Àjíǹde yẹn! Dancing with the Stars, ìdíje ijó orí tẹlifíṣọ̀n, ló lọ ṣe lọ́dún yẹn, NCAA ló sì ní láti fọwọ́ sí i kó tó lè jó.

Ti Hakeem ìbá tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ ká ní òní ló ń gbá. Físà ọmọ ilé ìwé kì í jẹ́ kí àjèjì ṣiṣẹ́ bó ṣe wù ú, owó ìpolówó yìí sì ń kó wọn sí ìyọnu. Oscar Tshiebwe, ọmọ Congo tó gbá fún Kentucky, ìgbà tí ikọ̀ wọn lọ gbá eré ní Bahamas ní 2022 ló rí àyè ṣe ìpolówó tiẹ̀, nítorí kò sí lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹni tí wọ́n ti yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́dún yẹn ni mò ń sọ o, kó wọ bàálù kó tó lè ta orúkọ ara rẹ̀.

Ará Hofheinz:

Ẹ̀yìn-Owó, òótọ́ lo sọ. Ní ayé tiwa, ẹni tó bá ra oúnjẹ fún agbábọ́ọ̀lù lásán, ìbẹ̀rù NCAA á mú un.

Òru-ò-molówó, o ṣeun, mi ò wo eré 2017 yẹn rí, n ó wá a. Tí ẹ bá ní kí n mú ẹnì kan báyìí, tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 3 ló kù, Arike ni n ó gbé bọ́ọ̀lù fún, kò lè jẹ́ Hakeem, nítorí ẹni tó ń gbá abẹ́ àwọ̀n gbọ́dọ̀ dúró kí ẹlòmíì gbé e wá fún un. Tó bá jẹ́ odindi sáà ni, mi ò ní fi Hakeem 1984 sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Àǹtí Sáwọ̀n:

Bàbá, ẹ ti pín in sí méjì, ẹ sì mú ìdá tó tóbi! Èmi ò kúrò lórí Arike. Ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí n ó sọ fún ọmọkùnrin yẹn: kó lọ wo 2017 kó tó bá mi sọ̀rọ̀ 2019 mọ́.

Àbúrò Náà:

Èmi ni ọmọkùnrin yẹn. Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ o, pàápàá jù lọ Bàbá Houston.

Ohun kan tí ẹ̀gbọ́n mi kò sọ fún yín: nígbà tó di 30 sí 17 ní 2018, ó ní wọ́n ti pa wọ́n tán, ó lọ sùn. Èmi ni mo lọ jí i láti wá wo àtúnwò.

Àǹtí Sáwọ̀n:

Ta ló fi ibí yìí han ọmọ yìí?